Ta Ló Wà Ní Ìpàdé Wọ́ọ̀dù?

Ní kíláàsì àwọn àgbà ní Sọ́ńdè Sukúùlù wa ní Tunga, ní Minna, ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ tún yọjú, pàápàá bí ìdìbò bá ti ń súnmọ́lé: ṣé ó tọ́ kí Kristẹni máa ṣe òṣèlú? Ẹni tó bá béèrè á wá gbójú lé mi. Wọ́n mọ̀ pé díákónì ni mí, wọ́n sì mọ̀ pé mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣèlú ní wọ́ọ̀dù rí, pé mo ti jókòó ti àpótí ìdìbò lórúkọ ẹgbẹ́ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lójú àwọn kan, ẹnu mi ló yẹ kí ìdáhùn ti jáde. Lójú àwọn mìíràn, èmi gan-an ni wọ́n ń fi ìbéèrè náà bá wí.

N kì í tètè ṣí Bíbélì. Omi ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ta ló ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà lọ́sẹ̀ yìí? Ọwọ́ á nà sókè yíká kíláàsì. Omi ìjọba tó yẹ kó máa ṣàn nínú ilé wa ní Minna, adágún Tagwai ló ti ń wá, ilé iṣẹ́ omi ní Chanchaga ló sì ń fọ̀ ọ́ mọ́. Adágún ọ̀hún kò jìnnà sí wa. Iná ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Niger ni Kainji wà, ibẹ̀ ni Shiroro àti Zungeru wà, Jebba sì wà lẹ́nu ààlà wa pẹ̀lú Kwara. Ara nọ́ńbà ọkọ̀ wa gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ìpínlẹ̀ agbára ni wá. Kí ló wá dé tí jẹnẹrétọ̀ fi ń dún nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì bí a ṣe ń sọ̀rọ̀? Àwọn ènìyàn kan jókòó níbì kan, wọ́n pín owó, wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Ìpinnu wọn kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nítorí pé ó ń gbààwẹ̀. Kristẹni tó ní òun kò sí nínú òṣèlú, inú rẹ̀ náà ló wà. Ìdí ìyà ló kàn jókòó sí.

Wọ́n á ní òṣèlú dọ̀tí. Mo gbà bẹ́ẹ̀, nítorí mo fi ojú ara mi rí i. Mo rí i tí wọ́n pín ẹ́ńfílọ́òpù kí ìdìbò abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ tí mo bá ṣe, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, mo rí i tí orúkọ àwọn tí a péjọ láti yàn ti dé láti òkè kí a tó jókòó rárá. Wọ́n kà wọ́n sí wa létí, wọ́n ní ìfohùnṣọ̀kan ni, wọ́n ní ká pàtẹ́wọ́. Àwọn kan lára wa kọ̀, láti ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti ń pè wá ní aláìgbọràn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìdí tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi rọrùn láti ṣe. Bí ogójì ènìyàn ni gbogbo àwọn tó wá sí ìpàdé, owó díẹ̀ ti tó láti ra gbogbo wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ irinwó, ẹni tó fẹ́ rà wọ́n á kọ́kọ́ ronú. Àwa tó sá fún ìdọ̀tí náà wà lára àwọn tó jẹ́ kí ọjà ìbò pọ̀ yanturu.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ìpàdé wọ́ọ̀dù ṣe rí, nítorí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ òṣèlú jiyàn títí di òru kò dé ibẹ̀ rí. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò, tàbí iwájú ilé ọ̀kan nínú àwọn olóyè ẹgbẹ́. Àga onírọ́bà díẹ̀, ẹní díẹ̀, igi dongoyaro fún ibòji. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun alásárì, wọ́n á sì fẹ́ parí kí mọ̀gàríbí tó dé. Hausa ni wọ́n ń sọ. Ẹni tí kò gbọ́ ọ á jókòó bí àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Méjì ni àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Mùsùlùmí kan á ṣe tirẹ̀, alága á wá ní kí Kristẹni kan ṣe tirẹ̀. Ibí yìí ni ojú ti máa ń tì mí. Wọ́n á wò yíká, gbogbo ojú á sì wá balẹ̀ sára mi, nítorí bóyá èmi àti ẹlòmíràn kan ni Kristẹni tó wà níbẹ̀. Ní Tunga o! Níbi tí ìró gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì kan kì í tíì kúrò létí kí ti èkejì tó gbà á.

Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò ní ariwo nínú. Ta ló ti san owó ọmọ ẹgbẹ́? Orúkọ ta ni kò sí nínú ìwé? Àwọn wo ni yóò ṣojú wa ní àpéjọ ẹgbẹ́? Ta ni yóò dúró ti àpótí ní ibùdó ìdìbò wo? Àwọn ọ̀dọ́ wo ni a máa fi orúkọ wọn sílẹ̀ bí iṣẹ́ bá yọ? Tiransifọ́mà àdúgbò kan jó, ta ni yóò bá alága kánsù sọ ọ́? Bí ọdún mélòó kan bá ti kọjá, àwọn ìdáhùn kéékèèké wọ̀nyẹn á ti di káńsẹ́lọ̀, á ti di aṣòfin, á ti di gómìnà. Ìjọba ìbílẹ̀ 25 ló wà ní ìpínlẹ̀ yìí, wọ́ọ̀dù 274. Ìpàdé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, yálà a lọ tàbí a kò lọ.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀, Jósẹ́fù àti Dáníẹ́lì ni àwọn oníwàásù wa máa ń sáré lọ bá. Èmi náà fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n Fáráò ló yan Jósẹ́fù, ọba Bábílónì ló sì gbé Dáníẹ́lì ga. Kò sí èyí tó ra fọ́ọ̀mù nínú wọn, kò sí èyí tó wá ìbò délé ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń hùwà bí a bá ti dórí àga. Wọn kò kọ́ wa bí a ṣe ń débẹ̀ ní ìlú tó jẹ́ pé ìbò ló ń yan olórí. Mo rò pé ìwàásù yẹn wà lára ohun tó sọ ọ̀pọ̀ nínú wa di ẹni tó jókòó sílé, tó ń retí kí ìránṣẹ́ ọba wá kan ìlẹ̀kùn.

Ọdún 2022 fi èyí hàn wá gbangba. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, Ìjọ Ìràpadà, RCCG, kọ̀wé sí àwọn ẹ̀ka rẹ̀ pé kí wọ́n dá ẹ̀ka tí yóò máa mójú tó ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ìṣàkóso sílẹ̀. Ariwo ta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní wọ́n fẹ́ fi ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò lẹ́yìn ni, ẹni tó jẹ́ pásítọ̀ nínú ìjọ náà tó sì ti wà nípò igbákejì ààrẹ láti 2015. Nígbà tó di oṣù kẹfà, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ APC péjọ sí Abuja láti yan ẹni tí yóò du ipò ààrẹ. Mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n yàn láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Bọ́lá Tinúbú gba ìbò 1,271. Ọ̀ṣínbàjò gba 235. Pásítọ̀ Túndé Bákàrè, tí ohùn rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ní rédíò, kò rí ìbò kan ṣoṣo. N kò sọ pé àwọn méjèèjì kò kúnjú òṣùwọ̀n. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìjọ tó kún fọ́fọ́ kò wúlò lọ́jọ́ náà, nítorí ìjọ kọ́ ló ń dìbò abẹ́lé. Mo bi kíláàsì mi bóyá ẹnikẹ́ni mọ àwọn mẹ́ta tó lọ láti ìjọba ìbílẹ̀ Chanchaga wa níbí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà tó súnmọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbẹjọ́rò David Umaru, Kristẹni, wọlé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà láti ẹkùn ìlà-oòrùn Niger, ẹkùn tí Minna wà nínú rẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣe àtúndì ìbò ní 2014 lẹ́yìn ikú Sẹ́nétọ̀ Dahiru Awaisu Kuta. Ó tún wọlé ní 2015. Ìyẹn nìkan tó láti pa àwọn tó ní wọn kì í dìbò fún Kristẹni níbí lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún 2019, lẹ́yìn tí ìdìbò gbogbogbòò ti kọjá lọ, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Mohammed Sani Musa ni ẹgbẹ́ yàn ní ìdìbò abẹ́lé, àga náà sì di tirẹ̀. Gbogbo bí a ṣe tò nínú oòrùn lọ́jọ́ ìdìbò, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ díẹ̀ lóṣù mélòó kan ṣáájú ló borí.

Àwọn kan máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ayé òde òní ló kó àlùfáà wọ òṣèlú. Wọn kò ka ìtàn. Nígbà tí ogun Kírìjì ti gbà tó ọdún mẹ́sàn-án, tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ kò mọ bí wọn yóò ṣe kógun wọlé, Samuel Johnson àti Charles Phillips, òjíṣẹ́ Ọlọ́run méjèèjì, wà lára àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ibùdó ogun méjèèjì kí ìwé àdéhùn tó di títẹ̀ ní 1886. Bí ìyẹn kì í bá ṣe òṣèlú, n kò mọ ohun tí òṣèlú ń jẹ́. Lápá àríwá, ní 1949, nígbà tí ìjíròrò nílé aṣòfin Kàdúná mú kí àwọn Kristẹni máa bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ dí iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì lọ́wọ́, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n sì pè é ní ẹgbẹ́ àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa orúkọ yẹn tì. Ní 1950 ó ti di ẹgbẹ́ àárín gbùngbùn, Middle Zone League, Pásítọ̀ David Lot ló sì ṣáájú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni a ti dé United Middle Belt Congress, UMBC, ní 1955, ẹgbẹ́ tí Joseph Tarka darí, tó sì bá Action Group Awólọ́wọ̀ da ọwọ́ pọ̀. Nínú gbogbo ìtàn yìí, orúkọ tí wọ́n pa tì yẹn ló wù mí jù. Ẹgbẹ́ tó bá fi orúkọ rẹ̀ sọ fún aládùúgbò pé “kì í ṣe ìwọ” ti lé ìdajì àwọn tí ebi ń pa pọ̀ mọ́ ọn dànù. Lónìí, ẹ̀ka 222 nínú ìwé òfin Nàìjíríà kò tilẹ̀ gbà kí ẹgbẹ́ òṣèlú jẹ́ orúkọ ẹ̀sìn.

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò yìí wúwo ní ìpínlẹ̀ wa ju ibi tí wọ́n ti ń kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ ilé kéwú Salihu Tanko ní Tegina, wọ́n kó ọmọ tó lé ní 130 lọ, àwọn kan nínú wọn kò tíì mọ ọ̀nà ilé dáadáa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n ya wọ ilé ẹ̀kọ́ St. Mary ti ìjọ Kátólíìkì ní Papiri, ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni ní Nàìjíríà, CAN, sì ní àwọn tí wọ́n kó lọ ju 300 lọ. Ilé kéwú ni ti àkọ́kọ́, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni ti èkejì. Agbébọn kò bi wọ́n léèrè ìgbàgbọ́. Kristẹni tó bá dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó sì ń sọ̀rọ̀ Papiri nìkan, tí Tegina kò sí lẹ́nu rẹ̀, kò yẹ fún ìbò mi, kódà bí a bá jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin kan náà.

Mo mọ ohun tí àwọn ènìyàn mi yóò sọ sí èyí. Wọ́n á ní ṣé àwọn náà ń rò tiwa? Wọ́n á rán mi létí 2000, nígbà tí Niger dara pọ̀ mọ́ àwọn ìpínlẹ̀ tó gbé òfin Ṣáríà kalẹ̀, tí ẹ̀rù bà wá, tí àwọn kan ń ronú láti kó ẹrù wọn padà sí gúúsù. Wọ́n á ní láti 1979 títí di òní, kò sí Kristẹni kan tí wọ́n fi ìbò yàn sípò gómìnà níbí. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù yẹn gan-an ni mo sì ń fi dá wọn lóhùn. Àbá òfin kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ó ní ilé tí wọ́n ti ń jíròrò rẹ̀, ẹni tí kò sí nínú ilé náà kò lè nàka pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Bákan náà ni ti tíkẹ́ẹ̀tì Mùsùlùmí méjì, níbi tí ẹni tó ń du ipò ààrẹ àti igbákejì rẹ̀ ti jọ jẹ́ Mùsùlùmí. Ní 1993, ọ̀pọ̀ Kristẹni dìbò fún Abíọ́lá àti Kingibe láìbéèrè ibi tí wọ́n ń kọjú sí gbàdúrà. Ní 2022, CAN ta ko ti Tinúbú àti Shettima, àwọn méjèèjì sì wọlé ní 2023. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lọ́dún náà ju mílíọ̀nù 93 lọ. Àwọn tó dìbò kò tó mílíọ̀nù 25. Ẹ̀hónú tí wọ́n gbé dìde lẹ́yìn tí wọ́n ti kan orúkọ mọ́ ògiri, tí káàdì ìdìbò tún wà nínú dúrọ́ọ̀, ta ni yóò gbọ́ ọ?

Pẹpẹ ńkọ́? Níhìn-ín n kò ní gba gbẹ̀rẹ́. Òfin ìdìbò ọdún 2022, ní ẹ̀ka 92, ti sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi ilé ìjọsìn polongo ìbò, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi gbé ẹgbẹ́ kan lárugẹ tàbí fi bú òmíràn. Èmi ì bá kọ̀ ọ́ bí òfin kò tilẹ̀ sí. Nínú ìjọ kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ mẹ́ta mẹ́rin ni àwọn ọmọ ìjọ ń ṣe. Pásítọ̀ tó bá gbé ọ̀kan lérí pẹpẹ ti sọ àwọn tó kù di àlejò. Oyè Ẹni-ọ̀wọ̀ kò sì sọ ẹnikẹ́ni di mímọ́ nídìí owó ìlú. Ẹni-ọ̀wọ̀ Jolly Nyame ṣe gómìnà ní Taraba, ó wọlé ní 1992, ó tún padà láti 1999 di 2007. Ní 2018, ilé ẹjọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá nítorí owó ìpínlẹ̀; ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín in kù sí méjìlá, ìjọba sì dáríjì í ní 2022. Àwọn Kátólíìkì ṣe tiwọn lọ́nà tó wù mí. Òfin ìjọ wọn kò gba fadá láyè láti wà nípò ìjọba. Nígbà tí Fadá Hyacinth Alia ní òun fẹ́ ṣe gómìnà Benue, bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Gboko dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ àlùfáà ní gbangba kó tó dé ibi ìdìbò rárá. Ó lọ, ó wọlé ní 2023. Gbogbo ènìyàn ló mọ aṣọ tó wọ̀ lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwa Yorùbá tó wà ní Minna. Ojú irin àti òwò ló kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá, Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ nínú wọn, àwọn ni wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ káàkiri àríwá. Bí ọmọ wọn tí wọ́n bí síhìn-ín bá ní òun fẹ́ dupò, wọ́n á ní kó lọ du tirẹ̀ nílé. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á bi í pé ìgbà wo ló dé. Nílé aṣòfin ìpínlẹ̀, ohun tí ìwé òfin béèrè lọ́wọ́ olùdíje ni kó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kó ka ìwé dé ìwọ̀n kan, kó wà nínú ẹgbẹ́ tó fà á kalẹ̀, kó sì pé ọmọ ọdún 25, èyí tí wọ́n mú wálẹ̀ láti 30 ní 2018. Kò béèrè ìlú bàbá rẹ̀. Àṣà ló ń béèrè ìyẹn, àṣà sì lágbára; ẹni tó bá fẹ́ jà á yóò pẹ́ lẹ́nu ìjà. Ṣùgbọ́n kò sí àṣà tó ní kí Yorùbá má gba káàdì ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù tó ń gbé, kó má dìbò yan aṣojú, kó má bi káńsẹ́lọ̀ bí owó ṣe ń lọ. Láti oṣù keje ọdún 2024 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ní tààrà ni kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìdí fún ìbéèrè yẹn ti wá pọ̀ sí i báyìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ wádìí orúkọ káńsẹ́lọ̀ yín. Ẹ wádìí ibi tí ẹgbẹ́ tí ọkàn yín fà sí ti ń ṣèpàdé, ẹ san owó ọmọ ẹgbẹ́, kí ẹ sì gba ìwé rẹ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ Hausa, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ. Ẹ̀yin pásítọ̀ tó bá wù láti dupò, ẹ fi pẹpẹ sílẹ̀ ná kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù. Bí ọjọ́ ìpàdé bá sì pé, ẹ mú àga tiyín dání, nítorí èyí tó wà níbẹ̀ kì í tó.